Ibi Tí Òjìji Ọkọ̀ Òfurufú Ń Gbà Kọjá

Ó dá mi lójú pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti bá irú àwòrán yìí pàdé rí lórí fóònù yín: òṣùpá àrànmọ́jú tó ń dán bí àwo tánganran tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, àti ọkọ̀ òfurufú kan tó dúdú bí èédú tó là á kọjá láàárín, tó na ìyẹ́ méjèèjì bí àwòdì. Ohun àkọ́kọ́ tí àwọn èèyàn máa ń sọ nípa rẹ̀ ni pé irọ́ ni, pé ẹnìkan ló jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tó lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Bí a bá sì fi yé wọn pé òótọ́ ni, wọn a ní oríire lásán ni, pé ayàwòrán náà kàn gbé kámẹ́rà sókè ní àsìkò tí ọkọ̀ ń kọjá lọ. Gbólóhùn kejì yìí ni mo fẹ́ ta kò lọ́sẹ̀ yìí, nítorí òun ló ń gba iyì lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ ìdúró ni àwòrán ọkọ̀ òfurufú nínú òṣùpá. Ibi tí ẹsẹ̀ ayàwòrán wà lórí ilẹ̀ ló ń bí i.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Òṣùpá jìnnà sí wa tó nǹkan bí 384,400 kìlómítà. Ọkọ̀ òfurufú tó ń gbé èrò láti Èkó lọ sí òkè òkun kì í sábà ga ju kìlómítà 10 sí 12 lọ sí ilẹ̀. Kò sí ọ̀nà tí àwọn méjèèjì lè gbà pàdé. Bí a bá ní ọkọ̀ kọjá níwájú òṣùpá, ojú wa ló so wọ́n pọ̀, bí ìgbà tí ọmọdé bá fi àtàǹpàkò rẹ̀ bo ilé alájà mẹ́ta mọ́lẹ̀. Ẹni tó dúró ní òpópónà kejì sí yín, tó gbójú sókè ní àkókò yẹn gẹ́lẹ́, yóò rí òṣùpá tí ẹ rí, yóò sì rí ọkọ̀ tí ẹ rí, síbẹ̀ àyè yóò wà láàárín wọn lójú tirẹ̀. Kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀.

Òjìji ni mo máa ń fi ṣe àlàyé rẹ̀ fún àwọn tó bá bi mí. Òṣùpá ń tan ìmọ́lẹ̀ sórí ilẹ̀, ọkọ̀ òfurufú sì ń dí díẹ̀ lára ìmọ́lẹ̀ náà bó ṣe ń kọjá lọ. Nítorí náà, ó ní òjìji lábẹ́ òṣùpá gẹ́gẹ́ bó ṣe ní òjìji lábẹ́ oòrùn. Òjìji yìí fẹ́lẹ́ débi pé ojú kò lè rí i, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀, ó ń sáré gba orí òrùlé, orí ọjà àti orí odò kọjá, bí ọkọ̀ náà gan-an ṣe ń sáré lókè. Ẹni tí òjìji náà bá gba orí rẹ̀ kọjá nìkan ló lè rí ọkọ̀ náà nínú òṣùpá. Bí òṣùpá bá wà lókè àtàrí tí ọkọ̀ sì ga tó kìlómítà 10, ìbú ọ̀nà òjìji náà kò fi bẹ́ẹ̀ ju gígùn pápá bọ́ọ̀lù kan lọ. Nínú ìlú tó tóbi tó Èkó, ẹ wo bí pápá bọ́ọ̀lù kan ṣe kéré tó.

Àkókò pàápàá kò gùn. Ìbú òṣùpá lójú ọ̀run kò ju ìdajì dígírì kan lọ. Bí ẹ bá na apá yín tààrà, tí ẹ sì gbé ọmọńdinrín yín sókè, ìdajì ìbú ìka náà ti tó láti bo òṣùpá mọ́lẹ̀. (Ẹ dán an wò. Kò sẹ́ni tó máa ń gbà á gbọ́ títí yóò fi dán an wò, nítorí ojú wa máa ń fi kún òṣùpá, pàápàá nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lẹ́yìn ilé.) Ọkọ̀ tó ń sá 900 kìlómítà láàárín wákàtí kan ń rin 250 mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ní ibi tó jìnnà sí wa tó kìlómítà 10, àyè tí òṣùpá gbà kò ju nǹkan bí 87 mítà lọ. Gbogbo ìran náà bẹ̀rẹ̀, ó sì parí láàárín nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá. Ẹni tó bá ṣẹ́jú lásìkò yẹn ti pàdánù rẹ̀.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀. Ibùdó ìwádìí ńlá tó ń yí ayé po lókè, èyí tí wọ́n ń pè ní ISS, ń sáré tó nǹkan bí 28,000 kìlómítà láàárín wákàtí kan, síbẹ̀ ó máa ń gbà á tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá láti la òṣùpá kọjá nígbà tó bá wà lókè orí wa. Ìyẹn ni pé ọkọ̀ bàálù tí a fi owó wọ̀ yára ju ISS lọ lójú ẹni tó dúró sílẹ̀, nítorí pé ISS jìnnà tó nǹkan bí 400 kìlómítà, bàálù sì súnmọ́ wa. Àwọn tó ń ya ISS sì ní àǹfààní kejì. Ohun tó bá ń yí ayé po kì í pẹ́ lẹ́yìn àkókò, kì í sì í yà sí ibòmíràn. A lè ṣírò ibi tí yóò gbà ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú. Ará Faransé kan wà tó ń jẹ́ Thierry Legault, onímọ̀ ẹ̀rọ tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ yíya àwòrán ojú ọ̀run. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2009, nígbà tí ọkọ̀ Atlantis ti Amẹ́ríkà ń lọ tún awò ńlá Hubble ṣe, Legault gbé irinṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Florida, ó dúró sí ibi tí ìṣírò ní kó dúró sí, ó sì ya Atlantis bó ṣe ń kọjá níwájú oòrùn. Ìran náà kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a ṣe ń rìnrìn àjò lọ pàdé òjìji nìyẹn.

Ọkọ̀ èrò kò ṣeé ṣírò bẹ́ẹ̀. Ó lè pẹ́ kó tó gbéra. Àwọn tó ń darí ọkọ̀ láti ilẹ̀ lè ní kó yà sápá òsì kí ọkọ̀ mìíràn lè ráyè balẹ̀. Atẹ́gùn lè tì í. Nítorí náà, ìṣẹ́jú mélòó kan péré ni ayàwòrán máa ń ní láti mọ̀ pé ọkọ̀ kan ń bọ̀ wá sí ọ̀nà òṣùpá. Irinṣẹ́ tó ń ràn án lọ́wọ́ ni áàpù bíi Flightradar24, èyí tí àwọn ará Sweden méjì tó fẹ́ràn ọkọ̀ òfurufú bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2006. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfurufú òde òní ní ẹ̀rọ tó ń ké jáde léraléra lórí ìgbì rédíò pé èmi lágbájá nìyí, ibi tí mo wà nìyí, bí mo ṣe ga tó nìyí. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀rọ kékeré tó lè gbọ́ igbe náà lè máa fi ránṣẹ́ sí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn aláàpù a sì kó gbogbo rẹ̀ jọ sórí àwòrán ilẹ̀. Bí àwọn aládùúgbò ṣe ń sọ ohun tí wọ́n rí fún ara wọn náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ má fi gbogbo ọkàn yín tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ tí ẹ ń rí lórí fóònù máa ń fi ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ pẹ́ lẹ́yìn èyí tó wà lókè. Bó bá pẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, ọkọ̀ tòótọ́ ti fi kìlómítà kan ṣíwájú.

Èkó dára fún iṣẹ́ yìí ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Àwọn ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà balẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà nà láti àríwá sí gúúsù. Atẹ́gùn wa sì sábà máa ń fẹ́ wá láti ìhà òkun, láti gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn. Ọkọ̀ òfurufú fẹ́ràn kó kọjú sí atẹ́gùn bó bá fẹ́ balẹ̀ tàbí bó bá fẹ́ gbéra, ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé wọ́n sábà máa ń ti àríwá bọ̀, wọ́n á gba orí Ìjú àti Agége kọjá, wọ́n á balẹ̀, àwọn tó fẹ́ lọ á sì gbéra sí ìhà gúúsù. Àwọn ará Agége kò nílò kí n sọ èyí fún wọn. Wọ́n ti mọ bí a ṣe ń dá ọ̀rọ̀ dúró lágbedeméjì lórí fóònù kí bàálù lè kọjá lọ.

Ẹ wá wò ó: ọ̀nà ọkọ̀ lọ láti àríwá sí gúúsù, òṣùpá sì ń yọ láti ìlà-oòrùn. Ẹni tó bá dúró sí ìhà ìwọ̀-oòrùn ọ̀nà náà, tó kọjú sí ìlà-oòrùn ní ìrọ̀lẹ́ tí òṣùpá kún, yóò rí ọkọ̀ tó fi ẹ̀gbẹ́ hàn án, imú níwájú, ìrù lẹ́yìn, ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó ti jáde nílẹ̀. Abúlé Ẹ̀gbá wà ní irú ibẹ̀, nǹkan bíi kìlómítà méjì sí ọ̀nà náà. Ẹni tó wà ní Agége gan-an, lábẹ́ ọ̀nà, ní láti dúró di ìgbà tí òṣùpá bá gòkè dé àtàrí, ikùn ọkọ̀ nìkan ni yóò sì rí. Nítorí náà, ilé tó súnmọ́ jù lọ kọ́ ló ń rí i dára jù lọ.

Láti ọ̀nà kìlómítà méjì bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ kì í ṣe kóńkóló mọ́. Àyè tí òṣùpá gbà níbẹ̀ kò ju nǹkan bí 20 mítà lọ, Boeing 737-800 sì gùn ju 39 mítà lọ. Òṣùpá kò lè gbà á tán. Ohun tí kámẹ́rà yóò rí ni imú àti fèrèsé awakọ̀, lẹ́yìn náà ìyẹ́ pẹ̀lú ẹ́ńjìnì, lẹ́yìn náà ìrù, ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka ojú ìwé. Èmi fẹ́ràn irú àwòrán yìí ju èyí tí ọkọ̀ ti kéré bí eṣinṣin lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó mọṣẹ́ náà sábà máa ń bá mi jiyàn. Wọ́n ní ọkọ̀ tó pé ni àwòrán.

Ìṣòro wa ni pé òṣùpá kì í pẹ́ nísàlẹ̀. Ní ilẹ̀ tó súnmọ́ ìlàjì ayé bíi tiwa, òṣùpá máa ń yọ, á sì gòkè fẹ́rẹ̀ẹ́ ní òòró. Kì í rá bàbà gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ bíi ti àwọn ará Yúróòpù. Láàárín ìṣẹ́jú méjì, ó ti fi ìwọ̀n ìbú ara rẹ̀ kan gòkè. Ẹni tó ń retí ọkọ̀ nísàlẹ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, bí ọkọ̀ kan kò bá sì balẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn, ó di ọjọ́ mìíràn. Ojú ọjọ́ náà ní ti ẹ̀. Nígbà ọyẹ́, eruku a bo ojú òṣùpá débi tí yóò fi pọ́n bí epo pupa, àwọn ìlà ara rẹ̀ a sì parẹ́. Nígbà òjò, ẹ mọ ohun tí ìkùukùu ń ṣe. Àsìkò tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí ọyẹ́ kò sì tíì dé, ni ojú ọ̀run máa ń mọ́ jù.

Ní ti kámẹ́rà, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Òṣùpá tí ẹ ń rí jẹ́ ilẹ̀ olókùúta tí oòrùn ń ràn sí, nítorí náà, ó mọ́lẹ̀ ju bí ẹni tó ń wò ó ní òru ṣe rò lọ. Bí òṣùpá bá kún, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú f/8, ISO 800 àti 1/1000, kí ẹ sì máa yí i díẹ̀díẹ̀. Ní 1/1000, ọkọ̀ tó ń sá 250 mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan kò tíì rìn ju sẹ̀ǹtímítà 25 lọ kí ojú kámẹ́rà tó padé, kò sì ní di ẹlẹ́fìn-ín. Ẹ má rò pé òṣùpá ìlàjì yóò mọ́lẹ̀ tó ìdajì òṣùpá tó kún. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Lẹ́ǹsì 600 mílímítà á fún yín ní òṣùpá tó fẹ̀ tó mílímítà márùn-ún àti ààbọ̀ nínú kámẹ́rà, ìyẹn sì tó. Àwọn kan ń lo Nikon P1000, èyí tó lè fa ohun tó jìnnà súnmọ́ tòsí nígbà 125. Ẹ gbé e lé orí ohun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹ yọ ọwọ́ yín kúrò lára rẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa yà léraléra bí ọkọ̀ bá ti kù díẹ̀ kó dé. Ìyókù, ìdúró ni.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé òṣùpá lé, wọ́n ní kò gún, kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó o lọ tún un ṣe. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ mọ̀ dájú pé ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò ní tó o. Ọwọ́ ti tó o báyìí. Ní ọdún 2023, àríyànjiyàn ńlá bẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹnìkan fi hàn pé fóònù Samsung máa ń fi àwọn ìlà àti ihò kún òṣùpá tí kámẹ́rà rẹ̀ kò rí, tó bá ti dá a mọ̀ pé òṣùpá ni wọ́n ń yà. Ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ṣàlàyé pé òótọ́ ni pé ẹ̀rọ onílàákàyè inú fóònù náà ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Bí fóònù bá lè tún òṣùpá ṣe, kí ni yóò ṣòro fún un nínú fífi bàálù kan kún un? Mo mọ àwọn tó ń ṣe é bí iṣẹ́ ọnà, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ kedere pé àwọn lẹ̀ ẹ́ pọ̀ ni. N kò bá irú wọn jà. Ìjà mi ni ti ẹni tó lẹ̀ ẹ́ pọ̀ tó wá ń sọ fún wa pé òun dúró.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tó ti ń ya irú àwòrán yìí fún bí ọdún mẹ́ta. Àbúrò rẹ̀ obìnrin rí ìwé àṣẹ gbà láti lọ kàwé ní ìlú Ọba, alẹ́ sì ni ọkọ̀ rẹ̀ máa gbéra. Ìyá wọn kò lè tẹ̀ lé e dé pápákọ̀ nítorí orúnkún tó ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó sì ní òun kò fẹ́ kó jẹ́ inú fóònù nìkan ni òun ti máa dágbére fún ọmọ òun. Ọ̀rẹ́ mi yẹ kàlẹ́ńdà òṣùpá wò. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin tí òṣùpá kún. Bí ó sì ti máa ń fi nǹkan bí 50 ìṣẹ́jú pẹ́ sí i lójoojúmọ́, nǹkan bí agogo mẹ́wàá alẹ́ ni yóò yọ. Ọkọ̀ yóò gbéra ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá, sí ìhà gúúsù. Àbúrò ìyá wọn ní ilé alájà kan ní Èjìgbò, ní ìwọ̀-oòrùn ọ̀nà náà. Ó ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta: bí ọkọ̀ bá gbéra lásìkò, láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ilé náà, yóò gba inú òṣùpá kọjá. Wọ́n gbé Màmá lọ síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Màmá gun àtẹ̀gùn náà díẹ̀díẹ̀, wọ́n gbé àga fún un, ó sì da ìborùn bo èjìká.

Ọkọ̀ pẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú. Fún ogún ìṣẹ́jú, òṣùpá ti fi ìbú ara rẹ̀ mẹ́wàá gòkè, ó ti kúrò lọ́nà. Àtúnṣe wà fún un, ọ̀rẹ́ mi sì mọ̀ ọ́n. Bí èèyàn bá súnmọ́ ọ̀nà ọkọ̀ sí i, ọkọ̀ náà yóò ga sí i lójú rẹ̀, yóò sì tún bá òṣùpá pàdé. Kò nílò ju nǹkan bí 600 mítà lọ síhà ìlà-oòrùn, ìwọ̀n tí ẹni tó bá sáré yóò dé láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Kámẹ́rà kò wúwo. Ṣùgbọ́n Màmá kò lè sáré, kò sì lè sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn yẹn lẹ́ẹ̀kan náà kó tún gun òmíràn. Ọ̀rẹ́ mi wo ìyá rẹ̀, ó wo òṣùpá, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà.

Nígbà tí ọkọ̀ náà jáde láti ẹ̀yìn àwọn ilé, abẹ́ òṣùpá ló gbà, ó jìnnà sí i dáadáa, iná pupa rẹ̀ ń ṣẹ́jú.

"Ṣé òun nìyẹn?"

"Òun ni, Màmá."

"Apá ibo ló jókòó sí?"

"Ó ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni, lápá ọ̀tún. Apá ọ̀dọ̀ wa nìyẹn."

Màmá gbé ọwọ́ sókè, ó sì ń jù ú títí iná náà fi wọ inú ìkùukùu lọ. Ọ̀rẹ́ mi ya àwòrán kan: òṣùpá tó ti jẹ díẹ̀ lápá kan, àyè òfìfo gbọọrọ, àti ìlà iná tín-ín-rín nísàlẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn rẹ̀ yóò ní kò dára.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ àbúrò ìyá wọn, tó mọ fóònù lò dáadáa, ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e wọnú òṣùpá." Kò gbà á ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ó dára lóòótọ́, mo rí i. Ọkọ̀ ńlá tó gún régé láàárín òṣùpá. Ó gbé e lọ fún Màmá. Ìyá náà wò ó dáadáa, ó ní ó mà dára o, ó sì bi í pé, "Bàálù wo nìyí?" Ọmọ náà ní, "Èyí tí mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni, Màmá." Ìyá ní, "Ọmọ mi ò sí níbẹ̀ nìyẹn." Ó dá fóònù rẹ̀ padà fún un. Èyí tó ní àyè òfìfo láàárín ló ní kí wọ́n bá òun tẹ̀ jáde sórí bébà.

Fún àwọn tó fẹ́ mọ bí a ṣe ń dá òótọ́ mọ̀ lára àwòrán tí wọ́n bá rí, àmì díẹ̀ wà. Ooru tó ń jáde lẹ́yìn ẹ́ńjìnì máa ń mú kí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ mì, bí ìgbà tí a bá ń wo nǹkan gba òkè iná àdògán. Nínú àwòrán tòótọ́ tó mọ́ dáadáa, etí òṣùpá tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ sábà máa ń wọ́ tàbí kó jó bí omi. Àwọn tó ń lẹ àwòrán pọ̀ kì í sábà rántí rẹ̀. Ẹ tún wo bí òṣùpá ṣe dùbúlẹ̀. Oṣù tuntun nílẹ̀ wa máa ń sùn bí ọkọ̀ ojú omi, ti London a máa nàró ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ní Ìbàdàn lòun ti ya oṣù tuntun tó nàró gangan bí àkámọ́ ní láti ṣàlàyé ara rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ọ̀gànjọ́ òru ni wọ́n ní àwọn ya ọkọ̀ náà, tí ikùn rẹ̀ ń dán tí orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì hàn ketekete, ẹ bi wọ́n pé ìmọ́lẹ̀ wo ló tàn sí i lára. Ọkọ̀ tó wà níwájú òṣùpá ní òru máa ń dúdú, iná rẹ̀ nìkan la lè rí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń ka èyí ní London. Tiyín rọrùn lọ́nà kan, ó sì le lọ́nà kejì. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn, bó ṣe sábà máa ń fẹ́, àwọn ọkọ̀ tó ń lọ balẹ̀ ní Heathrow máa ń gba orí gúúsù London kọjá lọ sí ìwọ̀-oòrùn, ọ̀pọ̀ wọn sì ń gba òkè Peckham, níbi tí ọ̀rọ̀ Yorùbá ti kún ọjà. Ṣùgbọ́n ìhà gúúsù ni òṣùpá ń gbà kọjá ní ọ̀dọ̀ yín, kì í dé àtàrí bíi tiwa. Nítorí náà, ìhà àríwá ọ̀nà náà ni kí ẹ dúró sí, bí òpópónà Old Kent, kí ẹ kọjú sí gúúsù. Oṣù Kejìlá ni òṣùpá tó kún máa ń ga jù lọ níbẹ̀; ní oṣù Kẹfà, ẹ̀gbẹ́ òrùlé ló máa ń rìn mọ́.

Ohun méjì ló kù tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ. Ẹ má lọ dúró ti ògiri pápákọ̀ pẹ̀lú lẹ́ǹsì gígùn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ yóò béèrè ohun tí ẹ ń ṣe, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè. Bí mo sì ti ṣàlàyé, ẹ kò nílò rẹ̀, àgbàlá yín lè sàn jù. Èkejì, ẹ má ṣe tan iná léésà sókè láti fi tọ́ka sí ọkọ̀, kódà bó jẹ́ pé ọmọdé lẹ ń fi hàn, nítorí ó lè fọ́ awakọ̀ lójú lásìkò tó ń wá ilẹ̀. Bí òṣùpá bá tún kún, ẹ jáde ní nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú lẹ́yìn tó bá yọ, ẹ wo ibi tí ọkọ̀ tó kọ́kọ́ kọjá gbà, lókè òṣùpá ni tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀. Bó bá gba ìsàlẹ̀, ẹ súnmọ́ ọ̀nà rẹ̀. Bó bá gba òkè, ẹ fà sẹ́yìn. Ẹ fi òpópónà kan sún, kí ẹ tún dúró de èyí tó ń bọ̀.